Ẹ̀jẹ̀ Nínú Ìtọ̀, Kókó Nínú Kíndìnrín: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Jẹjẹrẹ Kíndìnrín

Níbo gan-an ni kíndìnrín wà, kí sì ni jẹjẹrẹ rẹ̀?

Méjì ni kíndìnrín, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Wọ́n fara ti ẹ̀yìn lábẹ́ egungun ìhà tó kẹ́yìn, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì tóbi tó ìkúùkù àgbàlagbà. Wọ́n ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ bí ẹní ń sẹ́ ògì: èyí tó wúlò á padà sára, ìdọ̀tí á bá ìtọ̀ lọ. Jẹjẹrẹ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ bá ń pọ̀ láìdáwọ́ dúró, tó wá di kókó. Kókó yìí lè wọ inú iṣan ẹ̀jẹ̀, ó sì lè tàn dé ẹ̀dọ̀fóró, egungun, ẹ̀dọ̀ tàbí ọpọlọ.

Kì í ṣe irú kan ṣoṣo. Èyí tó wọ́pọ̀ jù lára àgbàlagbà, nǹkan bí 85 sí 90 nínú 100, ni renal cell carcinoma, tí àwọn dókítà ń gé kúrú sí RCC. Nínú RCC fúnra rẹ̀, clear cell ló gba nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Papillary àti chromophobe ló tẹ̀ lé e. Irú mìíràn, urothelial, máa ń hù níbi tí ìtọ̀ ti ń kóra jọ nínú kíndìnrín kó tó sọ̀ kalẹ̀, ìtọ́jú rẹ̀ sì jọ ti jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀ ju ti RCC lọ. Nítorí náà, bí ẹ bá rí "jẹjẹrẹ kíndìnrín" lórí ìwé, ẹ bèèrè irú èwo. Oògùn tó ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀kan lè má ṣe nǹkan kan fún èkejì.

Ta ló máa ń mú jù?

Ọkùnrin tó nǹkan bí ìlọ́po méjì obìnrin, ọ̀pọ̀ wọn sì wà láàárín ọdún 60 sí 70. Sìgá mímu, sísanra ju bó ṣe yẹ lọ àti ẹ̀jẹ̀ ríru ni ohun mẹ́ta tó ń fà á jù nínú èyí tí èèyàn lè ṣe nǹkan sí. Ẹni tó ti ń lo dialysis, ẹ̀rọ tó ń bá kíndìnrín sẹ́ ẹ̀jẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún náà wà nínú ewu, torí pé àpò omi kéékèèké máa ń hù sínú kíndìnrín tó ti kú, jẹjẹrẹ sì lè ti ibẹ̀ jáde.

Genotype mi jẹ́ AS. Ṣé ọ̀rọ̀ yìí kàn mí?

Ó kàn yín, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ó kó yín láyà sókè. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ló jẹ́ AS, ọ̀pọ̀ jaburata wọn kò sì ní rí irú jẹjẹrẹ yìí láéláé. Renal medullary carcinoma lorúkọ rẹ̀. Ó ṣọ̀wọ́n gan-an, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé AS ni onítọ̀hún. Ó tún ń mú SS àti SC lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀dọ́ ló ń bá jà: ọmọ ọdún mẹ́wàá-ó-lé, ẹni 20, ẹni 30. Ọkùnrin ló pọ̀ jù níbẹ̀, kíndìnrín ọ̀tún ló sì sábà máa ń jẹ́.

Inú kíndìnrín lọ́hùn-ún kò ní atẹ́gùn púpọ̀, iyọ̀ ibẹ̀ sì nípọn. Níbẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ AS ti máa ń dà bí dòjé, tó sì ń dí iṣan tín-ín-rín. Ohun kan náà yìí ló ń jẹ́ kí AS tọ ẹ̀jẹ̀ láìsí jẹjẹrẹ rárá. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà: dókítà á ní "AS ló fà á", ọmọ á lọ sílé. Bí ọ̀dọ́ AS bá tọ ẹ̀jẹ̀ tí ojú rí, ẹ ní kí wọ́n ya àwòrán kíndìnrín rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dá genotype lẹ́bi. Irú yìí máa ń yára tàn, lọ́pọ̀ ìgbà ó ti kúrò nínú kíndìnrín kí wọ́n tó rí i. Kímò (chemotherapy, oògùn tó ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ) tó ní cisplatin tàbí carboplatin nínú ni wọ́n fi ń kojú rẹ̀. Oògùn oníhóró tí wọ́n ń lò fún clear cell kì í ràn án.

Ìtọ̀ mi pupa lẹ́ẹ̀kan, ó sì dá fúnra rẹ̀. Ṣé kò ti tán?

Kò tíì tán. Ẹ̀jẹ̀ tí jẹjẹrẹ kíndìnrín ń fà kì í sábà dunni. Ó ń wá, ó ń lọ, ó lè sinmi fún oṣù mélòó kan, kókó á sì máa dàgbà ní tirẹ̀.

Nílé wa, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa sọ ni pé àtọ̀sí ajá ni. Ó lè jẹ́ òótọ́, pàápàá ọmọdé tó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú odò. Praziquantel, mílígíráàmù 40 fún kílò ara kọ̀ọ̀kan, ló ń pa kòkòrò rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí yàrá àyẹ̀wò kọ́kọ́ rí ẹyin kòkòrò náà. Láàárín aago 10 àárọ̀ sí aago 2 ọ̀sán ni kí ẹ gba ìtọ̀ náà, torí ìgbà yẹn ni ẹyin ń jáde jù. Àgbàlagbà tó ti lo praziquantel, tí ẹ̀jẹ̀ tún padà wá, kò yẹ kó tún ra òmíràn láìṣe síkáànù.

Bí ẹ ṣe rí i tún ń sọ ibi tó ti wá. Ẹ̀jẹ̀ tó yọ níbẹ̀rẹ̀ ìtọ̀ nìkan, ojú ihò ìtọ̀ ló sábà máa ń jẹ́. Èyí tó kán níparí sábà máa ń ti ìdí àpò ìtọ̀ wá, bẹ́ẹ̀ ni àtọ̀sí ajá ṣe máa ń ṣe. Èyí tó pa ìtọ̀ láró láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin lè ti àpò ìtọ̀ tàbí kíndìnrín wá. Bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ dídì tó gùn tó sì tín-ín-rín bí ekòló, ẹ sọ fún dókítà bẹ́ẹ̀ gan-an: ó ti gba inú ọ̀nà tóóró láàárín kíndìnrín àti àpò ìtọ̀ kọjá kó tó dì bẹ́ẹ̀.

Rifampicin, oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ, ń sọ ìtọ̀ di pupa rúsúrúsú, beetroot náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nǹkan oṣù obìnrin lè dà pọ̀ mọ́ ọn. Nítorí náà, bí bébà tí wọ́n ń tì bọ ìtọ̀ bá ní ẹ̀jẹ̀ wà, kí wọ́n tún fi awò amúǹkantóbi wò ó: sẹ́ẹ̀lì pupa 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ojú awò kan ló ń fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Oògùn tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ṣàn kì í ṣe àwíjàre. Ẹni tó ń lo warfarin tó sì tọ ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe àyẹ̀wò bíi ti gbogbo èèyàn.

Fún àwọn ará wa ní Ìlú Ọba: ìlànà NICE, àjọ tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú níbẹ̀, ní kí GP (dókítà ìdílé) fi ẹni tó ti pé ọdún 45, tó tọ ẹ̀jẹ̀ tí ojú rí láìsí àkóràn ìtọ̀, ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn ní kíákíá lórí ìfura jẹjẹrẹ. Ẹ mẹ́nu bà á fún wọn bí wọ́n bá ń fún yín ní antibiotics léraléra.

Ẹ̀yìn ń dùn mí, ṣé jẹjẹrẹ kíndìnrín ni?

Ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìrora ẹ̀yìn pọ̀ ju jẹjẹrẹ lọ ní ìlọ́po ìlọ́po. Àmọ́ jẹ̀díjẹ̀dí náà ti jẹ̀bi ohun tí kò ṣe nílẹ̀ yìí. Ìrora ìhà ẹ̀gbẹ́ kan tí kò kúrò, tí yíyí ara padà kò mú kó dín, tí ara sì ń rù, ẹ lọ ya síkáànù rẹ̀.

Ìwé máa ń ka àmì mẹ́ta: ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀, ìrora ìhà, àti kókó tí ọwọ́ lè bà. Ẹni tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pé lára rẹ̀ kò tó 10 nínú 100, ó sì sábà máa ń ti pẹ́. Lóde òní, ó lé ní ìdajì tí wọ́n ń rí níbi tí wọ́n ti ń fi síkáànù wá nǹkan mìíràn. Àwọn àmì tó ń tan dókítà jẹ ni ibà tí kì í ṣe ti màléríà, ẹ̀jẹ̀ tó lọ sílẹ̀ tàbí tó pọ̀ jù, calcium tó ga nínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, àti iṣan tó wú lójijì nínú àpò kóró ọkùnrin tí kò sì sọ̀ nígbà tó dùbúlẹ̀.

Àyẹ̀wò wo ni kí n ṣe, èwo ló ṣáájú?

Ultrasound ikùn ló ṣáájú. Kò wọ́n, kò ní ìtànṣán, ó sì wà káàkiri. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sọ bóyá omi ni kókó náà tàbí ẹran líle, ṣùgbọ́n kókó tí kò tó sẹ̀ǹtímítà 2 lè sá mọ́ ọn lójú.

CT, síkáànù tó ń fi ìtànṣán ya inú ara, ló ń parí ẹjọ́. Kí ẹ tó lọ, wọ́n á yẹ creatinine wò láti mọ bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́ sí, nítorí oògùn contrast tí wọ́n máa fà sínú iṣan. Ẹ sọ bí ẹ bá ń lo metformin, oògùn àtọ̀gbẹ, tàbí bí contrast bá ti bá yín jà rí. Ibi tí ó ti ń bàjẹ́ jù nìyí: wọ́n gbọ́dọ̀ ya á láìsí contrast, kí wọ́n tún ya á pẹ̀lú rẹ̀, lọ́jọ́ kan náà. Kókó tó jẹ́ jẹjẹrẹ máa ń fa contrast mu, àwòrán rẹ̀ á sì mọ́lẹ̀ sí i. Bí ìyàtọ̀ náà bá lé ní 20 lórí òṣùwọ̀n CT, ìfura ti pọ̀. Bí wọ́n bá ya ẹyọ ọ̀kan nínú méjèèjì, kò sí ohun tí wọ́n máa fi wéra, ẹ ó sì tún san owó lẹ́ẹ̀kejì. Kí dókítà kọ ọ́ sórí ìwé kedere. Ẹ gba CD rẹ̀ mọ́ ìwé àbájáde, fíìmù nìkan kò tó.

Wọ́n á ya àyà pẹ̀lú, torí ẹ̀dọ̀fóró ni jẹjẹrẹ yìí máa ń kọ́kọ́ sá lọ. MRI, síkáànù tó ń lo agbára òòfà, wà fún ẹni tí kò lè gba contrast CT, tàbí nígbà tí kókó ti wọ iṣan ńlá. Àwòrán egungun àti ti ọpọlọ kò pọn dandan àfi bí àmì bá wà níbẹ̀.

Wọ́n kọ "Bosniak" síwèé mi. Kí ló túmọ̀ sí?

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà pín àpò omi inú kíndìnrín nìyẹn, láti ọdún 1986. I àti II kò ní wàhálà, wọn kò nílò nǹkan kan. IIF ni kí ẹ máa padà wá ya á wò. III lè jẹ́ jẹjẹrẹ tàbí kó má jẹ́. IV, jẹjẹrẹ ló sábà máa ń jẹ́. Àgbàlagbà púpọ̀ ló ní I láìmọ̀.

Ṣé wọ́n gbọ́dọ̀ fi abẹ́rẹ́ gé ẹran rẹ̀ kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ?

Kò fi dandan rí bẹ́ẹ̀, èyí sì ń ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu torí ti ọyàn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí CT bá ti fi hàn kedere pé kókó líle ńlá ni, tí wọ́n sì máa yọ ọ́ lọ́nàkọnà, èsì abẹ́rẹ́ kò ní yí nǹkan kan padà. Ó di dandan bí jẹjẹrẹ bá ti tàn tí oògùn ló kàn, bí wọ́n bá fẹ́ fi yìnyín tàbí ooru pa kókó kékeré, tàbí bí wọ́n bá fura pé jẹjẹrẹ ibòmíràn ló tàn wá síbẹ̀. Nínú àwọn kókó tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 4 lọ, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún kì í ṣe jẹjẹrẹ, ìdí nìyẹn tí abẹ́rẹ́ fi lè gba kíndìnrín ẹni là. Ìbẹ̀rù pé abẹ́rẹ́ "á tú u ká" pọ̀ lẹ́nu aráyé. Ó ṣọ̀wọ́n gan-an kó tó ṣẹlẹ̀.

Ìpele mélòó ló wà?

Mẹ́rin. Ìkíní: kókó kò ju sẹ̀ǹtímítà 7 lọ, inú kíndìnrín ló sì wà. Ìkejì: ó ju 7 lọ, kò tíì jáde. Ìkẹta: ó ti wọ iṣan ńlá tàbí ọ̀rá tó yí kíndìnrín ká, tàbí àwọn kókó lymph tó wà nítòsí. Ìkẹrin: ó ti kọjá àwọ̀ tó bo kíndìnrín àti ọ̀rá rẹ̀, tàbí ó ti dé ẹ̀yà ara tó jìnnà.

Ní Amẹ́ríkà, ẹni tí tiẹ̀ ṣì wà nínú kíndìnrín nìkan, ó lé ní 90 nínú 100 tó ṣì wà láàyè lẹ́yìn ọdún 5. Bó bá ti dé ọ̀nà jíjìn, wọn kò tó 20. Kókó tó ti ta gbòǹgbò wọ inú iṣan ńlá tó ń lọ sínú ọkàn ń dẹ́rù bani lójú àwòrán, síbẹ̀ bí kò bá tíì tàn, iṣẹ́ abẹ ṣì lè mú un kúrò pátápátá. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá yín padà sílé nítorí rẹ̀ kí oníṣẹ́ abẹ tó mọ̀ ọ́n tó rí i.

Báwo ni iṣẹ́ abẹ rẹ̀ ṣe ń lọ?

Oríṣi méjì ni. Bí kókó bá kéré, pàápàá tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 4 lọ, wọ́n á gé kókó nìkan, wọ́n á fi ìyókù kíndìnrín sílẹ̀. Wọ́n á fi ìdè dá ẹ̀jẹ̀ tó ń wọlé dúró, wọ́n á gé, wọ́n á rán; kí wọ́n tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 25 sí 30 kí ẹ̀jẹ̀ ti padà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kíndìnrín á máa kú. Bó bá tóbi tàbí tó wà láàárín gbùngbùn, wọ́n á yọ odindi kíndìnrín pẹ̀lú ọ̀rá tó yí i ká. Wọ́n lè la ikùn, wọ́n sì lè gba ihò kéékèèké wọlé pẹ̀lú kámẹ́rà, bí wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é ní ọdún 1990 ní St. Louis ní Amẹ́ríkà. Bí ti kámẹ́rà kò bá sí nítòsí yín, lílà náà ń wo jẹjẹrẹ ọ̀hún; ìrora àti iye ọjọ́ orí bẹ́ẹ̀dì ló yàtọ̀ jù.

Kó tó dọjọ́ náà, ẹ rí i pé ẹ̀jẹ̀ ti wà nílẹ̀ ní bánkì ẹ̀jẹ̀, pé wọ́n mọ bí kíndìnrín kejì ṣe ń ṣiṣẹ́, àti pé wọ́n ti sàmì sí ẹ̀gbẹ́ tó tọ́. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ dìde rìn lọ́jọ́ kejì kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì lẹ́sẹ̀, ẹ má sì gbé ohun wúwo fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6. Ẹni tí wọ́n gé kókó nìkan fún, bó bá tọ ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ lójijì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, kó padà sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà: iṣan tí wọ́n rán lè ti bẹ́.

Wọ́n gbé ẹran tí wọ́n gé jáde fún wa pé ká gbé e lọ sí lábù. Kí la máa ṣe?

Èyí wọ́pọ̀ ní Nàìjíríà, a kì í sì í sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ tó. Inú formalin ìdá 10 nínú 100 ni kó wà, formalin náà sì tó ìlọ́po mẹ́wàá ẹran. Kí oníṣẹ́ abẹ ti la kíndìnrín náà sí méjì kí formalin lè wọ àárín rẹ̀. Omi lásán tàbí omi dírípù á jẹ́ kó jẹrà, ike kékeré tí wọ́n fún un mọ́ náà á bà á jẹ́, lábù kò sì ní lè sọ irú jẹjẹrẹ tàbí grade rẹ̀, ìyẹn bí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ṣe burú tó, láti 1 dé 4. Kí orúkọ, ẹ̀gbẹ́ àti ọjọ́ wà lára ike. Ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà.

Dókítà ní ká máa wò ó ná. Ṣé kò fẹ́ tọ́jú wa ni?

Kókó kékeré lára arúgbó, tàbí ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò gba iṣẹ́ abẹ, sábà máa ń dàgbà ní nǹkan bí mílímítà 3 lọ́dún. Wíwò ó pẹ̀lú àwòrán déédéé, bíi oṣù 6 sí 6, jẹ́ ìtọ́jú. Àìpadà-wá fún àwòrán náà ni kì í ṣe ìtọ́jú.

Ṣé kímò àti ìtànṣán ń ṣiṣẹ́?

Fún RCC, kímò àtijọ́ kò ràn án. Ìtànṣán ń tu ìrora egungun lára, a sì tún ti ń lo irú rẹ̀ kan tó ń dójú sọ kókó gan-an. Oògùn tó yí ọ̀rọ̀ padà ni àwọn tó dé láti ọdún 2005 àti 2006. Nínú clear cell, jíìnì VHL ló máa ń bàjẹ́, sẹ́ẹ̀lì á wá máa pariwo pé òun kò rí atẹ́gùn, ara á sì máa ya iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun fún un. Sunitinib, pazopanib, axitinib àti cabozantinib ń dènà iṣan yẹn. Ẹgbẹ́ kejì, nivolumab, ipilimumab àti pembrolizumab, ń tú ọmọ ogun ara sílẹ̀ láti bá jẹjẹrẹ jà. Lóde òní, méjì pọ̀ ni wọ́n sábà ń kọ́kọ́ fún ẹni tí tiẹ̀ ti tàn. Pembrolizumab tún wà fún nǹkan bí ọdún kan lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, fún clear cell tó ṣeé ṣe kó padà.

Ìlò wọn ní òfin. Sunitinib: mílígíráàmù 50 lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 4, ìsinmi ọ̀sẹ̀ 2. Pazopanib: mílígíráàmù 800 lójúmọ́, wákàtí kan ṣáájú oúnjẹ tàbí méjì lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ ra ẹ̀rọ ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ríru sílé torí wọ́n ń gbé e sókè. Àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ á máa gbóná, á sì máa bó: omi gbígbóná kò dára fún un, ìpara tó ní urea dára. Ẹ yẹ thyroid, ẹ̀yà ara kékeré inú ọrùn, wò. Ṣùgbọ́n ìgbẹ́ gbuuru lórí nivolumab tàbí ipilimumab yàtọ̀. Ọmọ ogun ara lè máa jẹ ìfun, steroid ló sì ń dá a dúró. Ẹ má kàn gbé loperamide, oògùn tó ń dá ìgbẹ́ gbuuru dúró, mì kí ẹ jókòó. Ikọ́ tuntun àti èémí kíkúrú náà rí bẹ́ẹ̀. Oògùn wọ̀nyí gbówó lórí, ayédèrú sì wà lọ́jà: ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC, ẹ bèèrè bóyá èyí tí ilé iṣẹ́ mìíràn ṣe wà ní owó pọ́ọ́kú.

Ṣé mo lè máa mu àgbo pẹ̀lú rẹ̀?

Rárá. Ẹ̀dọ̀ tó ń tú àgbo náà ló ń tú sunitinib àti pazopanib, ìwọ̀n oògùn lè ga jù tàbí kó lọ sílẹ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ láìsí ẹni tó mọ̀. Bí ẹ bá ti ń mu ún tẹ́lẹ̀, ẹ sọ fún dókítà, ẹ má fi pamọ́.

Báwo ni wọ́n ṣe ń gbé pẹ̀lú kíndìnrín kan?

Èyí tó kù á tóbi díẹ̀, á sì ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ èkejì. Iyọ̀ kò gbọdọ̀ ju gíráàmù 5 lọ lójúmọ́, ìyẹn ṣíbí ìpotíì kan, kúùbù ọbẹ̀ sì wà nínú ìṣirò. Paracetamol fún ìrora. Kì í ṣe ibuprofen, kì í ṣe diclofenac, kì í ṣe oògùn ìyẹ̀fun tó ní aspirin. Ẹ máa yẹ creatinine, ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ ríru wò lọ́dọọdún, ó kéré tán. Àwòrán àyà àti ikùn yóò máa lọ fún ọdún 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí RCC lè padà lẹ́yìn ọdún 10 pàápàá.

Ikùn ọmọ mi wú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ṣé ó lè jẹ́ kíndìnrín?

Ó lè jẹ́ Wilms, jẹjẹrẹ kíndìnrín àwọn ọmọdé, tó sábà máa ń mú ọmọ ọdún 3 sí 4. Ìyá ló máa ń rí i nígbà tó bá ń wẹ̀ fún un. Ẹ má máa tẹ̀ ẹ́, ẹ má jẹ́ kí gbogbo ẹbí máa bà á wò, nítorí ó lè bẹ́ sínú ikùn. Ẹ má sì fi gbẹ́rẹ́ sí i. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn ńlá kíákíá. Kímò ń ṣiṣẹ́ gidi fún èyí, vincristine àti dactinomycin pẹ̀lú iṣẹ́ abẹ, níbi tí ìtọ́jú bá sì ti pé, nǹkan bí 90 nínú 100 àwọn ọmọ náà ló ń yè é.

Ṣé ó yẹ kí àwọn ará ilé mi náà ṣe àyẹ̀wò?

Lọ́pọ̀ ìgbà, kò pọn dandan, torí díẹ̀ ló jẹ́ ti ìran. Ó yẹ bí ẹni tó mú kò bá tíì ju ọdún 46 lọ, bí kókó bá wà nínú kíndìnrín méjèèjì, bó bá pọ̀ ju ẹyọ kan lọ, tàbí bí ẹbí bá ní ju ẹnì kan lọ tó ní in. Nígbà náà, ẹ bèèrè fún àyẹ̀wò jíìnì, VHL ló sábà máa ń ṣáájú, kí ẹ sì kọ orúkọ àìsàn, ọjọ́ orí àti ẹ̀gbẹ́ kíndìnrín tó mú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sórí ìwé kan kí ẹ tó lọ.